Àgbá Màmá àti Mẹ́gáàdì Inú Kọ̀ǹpútà

Sálúbàtà Màmá ló máa ń jí mi ní ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ wa ní Redan, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í gbé ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ń wọ́ ọ nílẹ̀, ṣàà, ṣàà, láti yàrá rẹ̀ dé ìdí síńkì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwo tí a ti fọ̀ kí a tó sùn, nítorí kò gbà pé ẹ̀rọ lè fọ àwo kó mọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ìró omi, mo mọ̀ pé láìpẹ́ ilẹ̀kùn gáréèjì yóò ké, Mummy yóò wọlé láti ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ òru, yóò kúnlẹ̀ kí Màmá pẹ̀lú báàgì léjìká, yóò sì sùn títí di ọ̀sán. Màmá ni ìyá tó bí Daddy. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Oṣù mẹ́fà ló ní òun ó lò, ó lo ọdún kan ó lé díẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ inú ilé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹnu mi sì mú. Mummy máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń ra ọ̀rọ̀ lọ́jà ni, òun ì bá ti fi mí di olówó. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ó má baà dà bíi pé mo fi pamọ́: ọjọ́ kan wà tó yẹ kí ẹnu yẹn ṣiṣẹ́, ó sì pa rọ́rọ́.

Ohun tó jẹ́ ti Màmá gan-an nínú ilé ni àgbá. Àgbá oníke aláwọ̀ búlúù ni, ó ga dé àyà mi, ó dúró sáàárín gáréèjì níbi tó yẹ kí mọ́tò Mummy wà, ìdí nìyẹn tí mọ́tò náà fi ń sun ìta nínú òjò. Inú rẹ̀ ni gbogbo ẹrù tó ń lọ sílé ń kóra jọ sí: ọṣẹ, ìpara, sọ́ọ̀kì méjìlá-méjìlá, wàrà alágolo, bàtà tí ẹlòmíì ti wọ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà ìhín mọ àgbá dáadáa. Ilé tí kò bá ní in, yálà wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tàbí wọ́n ti bá àwọn ará ilé jà. Ṣùgbọ́n àgbá Màmá ní òfin. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún oṣù mẹ́ta, ti àgbá ni. Ohun tó bá sì ti wọ inú rẹ̀, a kì í yọ ọ́. "Ó ti kúrò ní Amẹ́ríkà," ni Màmá máa ń wí, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdérí àgbá. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ẹrù náà gbọ́dọ̀ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́líìtì Daddy méjì ṣe lọ. Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ ńlá tí Mummy fi ń po kéèkì ṣe lọ. Mo rí Mummy lọ́jọ́ yẹn, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gáréèjì, ó ń wo etí abọ́ náà láàárín àwọn tówẹ́ẹ̀lì, ó sì padà sínú ilé láìfọwọ́ kàn án. Ó ra òmíràn ní ọjọ́ kejì.

Ti Daddy ni kọ̀ǹpútà. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ yàrá ìjẹun ni ọkàn rẹ̀ wà, nídìí ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ní ẹyọ-ẹyọ. Díráìfù mẹ́ta, ibi tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí, ló wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ, dúdú, bákan náà ni wọ́n rí, kò sí èyí tó tóbi ju pásípọ́ọ̀tù lọ. Ọ̀kan jẹ́ ti Daddy, Linux, ètò tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, ló wà níbẹ̀, nítorí ó ní òun ò lè máa gbé nínú ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọ̀kan jẹ́ ti Mummy, Windows ló wà níbẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ kò gba òmíràn. Ẹ̀kẹta ò ní ẹrù ẹnikẹ́ni nínú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jí bí a bá tan ẹ̀rọ, kó kọ ìlà méjì sójú dúdú, YARA BABA, YARA IYA, kó dúró kí o yan ibi tí o ń lọ, kó tó ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bootloader ni Daddy ń pè é. Ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá dé, ó jókòó ti Daddy, ó wo bó ṣe ń yan, ó ní, "Àṣé ẹ̀rọ yín náà ní mẹ́gáàdì!" Daddy rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó tú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ tuntun náà sórí ìwé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ díráìfù kẹta. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: MEGADI. Mi ò fi àmì ohùn kankan sí i, mi ò tíì mọ̀ ọ́n fi sí nígbà náà. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà òtútù ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kó àgbá yóò dé láàárọ̀ Sátidé, Màmá sì ti ń sáré kiri ilé. Nígbà tí mo ti iléèwé dé, mo bá bàtà onítáyà mi nínú àgbá. Bàtà tí mo fi ń yí níwájú ilé wa ni, táyà rẹ̀ yẹ́lò, Mummy ló rà á fún mi nígbà ọjọ́ ìbí mi. Lóòótọ́, mi ò tíì wọ̀ ọ́ láti oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n òtútù ni, kí ni kí n ṣe? Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀. Màmá ní, "Mojí, ẹsẹ̀ ẹ ti ń gùn jù ú lọ. Àbúrò ẹ kan ní Ìbàdàn á wọ̀ ọ́, á sì máa ṣàdúrà fún ẹ." Mo ní mi ò fẹ́ àdúrà. Ó ní, "Ó ti kúrò ní Amẹ́ríkà." Mo búra nínú mi pé mi ò ní bá Màmá sọ̀rọ̀ mọ́ títí yóò fi padà sílé rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ni Daddy tú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti ra díráìfù tuntun fún ara rẹ̀, ó ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ti nu inú ògbólógbòó mọ́, ó wá fẹ́ fi ògbólógbòó ránṣẹ́ nínú àgbá sí Uncle Wọlé, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Ó yọ ògbólógbòó náà, ó yọ mẹ́gáàdì pẹ̀lú kí ó lè ráyè gbá eruku, ó kó méjèèjì sórí aṣọ kan lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún: ẹnìkan ò wá sí shift ní ọsibítù, kí Daddy máa bọ̀ kíá. Ó ti ń wọ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà kó tó rántí. "Màmá, díráìfù tó wà lórí tábìlì, ti Wọlé ni o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sínú àgbá!" Ilẹ̀kùn pa dé. Màmá dé ìdí tábìlì láìwọ awò ojú, ó mú èyí tó sún mọ́ ọn, ó gbé e sókè. Mo rí bírò pupa lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. "Mojí, èyí ni, àbí?" Mo tẹjú mọ́ àwo ẹ̀bà. "Mojí, mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀." Mo bu òkèlè, mo gbé e mì. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ń bínú kó máa bínú lọ, ó ki díráìfù náà sínú sọ́ọ̀kì, ó sì wọ́ sálúbàtà rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ń sọ nínú mi pé, ẹ kó o lọ, ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo nǹkan.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkùnrin náà gbé mọ́tò ńlá wá. Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, oorun wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá Màmá di ìdérí àgbá mú títí Màmá fi há tówẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn sí i, tí wọ́n sì fi irin de ẹnu rẹ̀. Àgbá lọ. Daddy náà jí, ó rí díráìfù kan lórí tábìlì, kò wo ojú rẹ̀, ó tì í padà sínú ẹ̀rọ, ó dé e.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Mummy po tíì, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ní agogo méjìlá ọ̀sán Mọ́ńdè ló ní ìdánwò kan tó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fìdí rẹmi, ilé ẹ̀kọ́ yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, gbogbo ìwé tó ti ń kà lẹ́yìn iṣẹ́ òru fún ọdún méjì yóò sì já sí asán. Ilé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń ṣọ́ wọn, lórí Windows tirẹ̀ gan-an. Ó ti forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bó bá fẹ́ lo òmíràn, á dúró ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù kùn. A ń retí YARA BABA, YARA IYA. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé òun ò rí nǹkan kan tí òun lè fi gbéra. Mummy pa á, ó tún un tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. "Daddy Mojí," ó pè, ohùn rẹ̀ ò ga rárá, "ẹ wá wo nǹkan yìí."

Daddy ní kékeré nìyẹn. Ó sọ pé kékeré nìyẹn títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù. Ó yá laptop aládùúgbò, ó fi ṣe flash tí wọ́n fi ń jí ẹ̀rọ tó dákú, ó fi wo inú. Díráìfù mẹ́ta ló rí: ọ̀kan ní ẹrù Mummy, ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀, ẹ̀kẹta ṣófo. Ó gbà pé mẹ́gáàdì ló kú tó sì nu ara rẹ̀ rẹ́. Ó ní kí flash tún ọ̀nà Windows ṣe, flash ní òun ò lè ṣe é. Láàárọ̀ Sunday, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí ọ̀nà tirẹ̀ tún ṣe, Linux dìde. Ti Mummy ò dìde. Mummy ń de gèlè lọ́wọ́, ó bojú wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ kú oríire." Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ wọ mọ́tò. Èmi jókòó lẹ́yìn mọ́tò pẹ̀lú Màmá. Mo ti mọ ohun tí mo ṣe, mo sì mọ̀ pé àgbá ti lọ. Mo ń tan ara mi pé Daddy á wá nǹkan ṣe sí i kí n tó ní láti sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jókòó sídìí ìrẹsì, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Daddy ní, "Ìyá Mojí, mo rò ó títí. Bí ọ̀kan bá lè ṣàdédé kú, tìẹ náà lè ti máa ṣàìsàn, ìyẹn ni kò jẹ́ kó dìde. Màá kó àwọn ìwé ẹ jáde, màá nu gbogbo ẹ̀, màá gbé Windows tuntun sí i."

"Ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò tó wà lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Á bá a lọ. A máa pe iléèwé láàárọ̀ ọ̀la, a máa bẹ̀ wọ́n."

"Wọn ò ní gbọ́." Mummy ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún. Ó wo Màmá, ó wo ilẹ̀. "Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe rí i."

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, bóyá ǹ bá lè fara dà á. Daddy dìde, ó mú flash, ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: "Daddy, mẹ́gáàdì ò kú. Kò sí nínú ẹ̀ ni. Ó wà nínú àgbá."

Daddy ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó fa díráìfù kẹta jáde, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò sí bírò pupa lára rẹ̀. "Yé!" ó ní. "Ti Wọlé rèé! Ta ló wá kó mẹ́gáàdì lọ?" Màmá ti ká ọwọ́ lérí. "Èmi ni o. Èmi ni mo ki í bọ sọ́ọ̀kì. Mo tiẹ̀ bi ọmọ yìí." Mummy ò wo ọ̀dọ̀ Màmá, èmi ló wò. Ó ní, "O rí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "O sì mọ̀ pé kì í ṣe òun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "O wá dákẹ́?" Mo ní nítorí bàtà mi ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá fi orí sí. Màmá ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, ẹ̀bi òun ni. Kíá ni Mummy dá a lóhùn, "Rárá o, Màmá. Ẹ̀yin ò mọ̀, mà. Òun ló mọ̀." Mo kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n kúnlẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ títí orúnkún fi ń ta mí.

Daddy pe ọkùnrin tó kó àgbá. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ńténà, kọ̀ńténà sì ti gba ọ̀nà èbúté lọ. Màmá la ẹnu bíi pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó tún pa á dé. Ṣùgbọ́n ara Daddy ti yá, ó ń rìn yí tábìlì ká. "Tìẹ ò ṣàìsàn," ó ní fún Mummy. "Kò ní ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn kan ni mo ṣe fún yàrá méjì, mo sì ti fi ilẹ̀kùn ránṣẹ́ sí Wọlé." Ó yọ díráìfù tirẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ. Ó yọ èyí tó ṣófo. Ti Mummy nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ó ní àṣìṣe òun láti àná nìyẹn, flash ń rí mẹ́ta, kò mọ èyí tí òun ń bá wí. Bí o bá pe ọmọ kan tí mẹ́ta jẹ́ ọ, ta lo fẹ́ rán níṣẹ́? Màmá bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó gé àyè kékeré kan ní ìparí díráìfù Mummy, ó sọ ibẹ̀ di ẹnu ọ̀nà, ó wá tẹ ìlà kan ṣoṣo tó ní kí Windows kó ohun tí ó fi ń jí síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó iṣu tí a gbé kaná. Ó yọ flash, ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó pẹ́ díẹ̀, ó wá mọ́lẹ̀ kedere pẹ̀lú àwòrán tí Mummy máa ń gbé síbẹ̀: èmi, níwájú ilé, nínú bàtà onítáyà yẹ́lò. Daddy ti fẹ́ dá díráìfù tirẹ̀ padà kó tún fi mẹ́gáàdì tuntun sáàárín àwọn méjèèjì, Mummy di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ mẹ́gáàdì mọ́." Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ náà, ọ̀dọ̀ Mummy ló máa ń lọ tààrà, Daddy, bó bá fẹ́ yàrá tirẹ̀, á yára tẹ bọ́tìnnì kan kí ẹ̀rọ tó jí tán.

Daddy ní kí n má lọ síléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. N kò mọ̀ bóyá ìyà ni tàbí àánú. Kí ariwo wa má baà wọ kámẹ́rà létí, èmi àti Màmá lọ jókòó sí gáréèjì, níbi tí àgbá ti kúrò. Ibẹ̀ tutù. Màmá fi ìró rẹ̀ kan bò mí, ètè rẹ̀ ń mì nínú àdúrà. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣé o ṣì ń bínú sí mi?" Mo ní rárá mà, òótọ́ sì ni. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí ilẹ̀kùn ṣí, Mummy dúró, ó di férémù mú. "Mo yege," ó ní, bí ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ ti jinná. Màmá bẹ́ sókè, sálúbàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mummy dì mọ́ Màmá, ó pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó ń padà wọlé, ó fi ọwọ́ kan orí mi.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni Uncle Wọlé pè láti Ìbàdàn. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun, àgbá ti dé. Ṣùgbọ́n díráìfù tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí, mo tì í bọ ẹ̀rọ mi, ó ń bi mí pé yàrá Bàbá tàbí yàrá Ìyá. Mo yan ti Bàbá, kò ṣí. Mo yan ti Ìyá, kò ṣí." Daddy rẹ́rìn-ín débi pé ó ju fóònù sílẹ̀. Màmá mú un, ó ní, "Wọlé, sọ fún mẹ́gáàdì pé kò sẹ́nìkan nílé." Wọ́n fi àwòrán ọmọ rẹ̀ kan ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, ó wọ bàtà mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bá a lẹ́sẹ̀ mu ju èmi lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe báyìí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí kò jí wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, kí lẹ yọ nínú ẹ̀? Wọ́n á ní àwọn ò yọ nǹkan kan. Màmá ti sùn, a ti sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé tèmi wà ní Dacula, ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, Mummy ló sì ni àgbá tó wà nínú gáréèjì mi, ọwọ́ rẹ̀ le sí i ju ti Màmá lọ. Ní oṣù tó kọjá mo ń wá ṣájà mi, mo rí okùn rẹ̀ tó yọ jáde láàárín sọ́ọ̀kì, mo ki ọwọ́ bọ inú àgbá títí dé èjìká, mo fà á jáde. Mummy dúró, ó ń wo ọwọ́ mi. "Ìwọ tiẹ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́," ó ní. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi jà. Ó jókòó sórí àpótí wàrà.

"Mojí, mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí mo ń bá Màmá di ìdérí mú. Ẹnu sọ́ọ̀kì náà ṣí, mo rí ìwé ẹ, bírò pupa. Mo mọ ohun tó jẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́?"

"Ta ló máa ń ki ọwọ́ bọ inú àgbá ìyá ọkọ ẹ̀? Mo ní bí bàbá ẹ bá jí, màá sọ fún un. Ọkùnrin yẹn ṣì ń kọ ìwé ẹrù nígbà tí oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, àgbá ti lọ."

"Daddy wá fẹ́ nu gbogbo ẹ̀, ẹ sì jókòó síbẹ̀."

"Kí n la ẹnu kí n ní ìyá ẹ̀ ló ba ìdánwò mi jẹ́, níwájú ìyá ọ̀hún? Ìdánwò á kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní kọjá láéláé."

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ru ẹ̀bi yẹn kiri. Bí inú Mummy ò bá dùn, mo máa ń rò pé ẹ̀rọ yẹn náà ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀, Mummy. Ẹ jẹ́ kí n dá nìkan kúnlẹ̀."

"Mo jẹ́ kí o kúnlẹ̀," ó ní. Ó mú ìdérí àgbá, ó gbé e lérí rẹ̀, kò tì í. "Àwa méjì la mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Mojí. Ìwọ lo sọ̀rọ̀."